Gbètugbètu Kọ́: Ìtọ́jú Hypnosis fún Ẹni Tó Ń Fojú Kéré Ara Rẹ̀

Mo rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru tí wọ́n sì yà síbí dípò kí wọ́n lọ sùn. Bí oorun bá gbé ẹnikẹ́ni lọ kí n tó parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo ṣe é.

Láti Pen Cinema l'Agége títí dé Ìkẹjà Along, ìtàn yìí ò ní ṣàì kàn yín nínú ọkọ̀: ẹnìkan fọwọ́ kan obìnrin kan léjìká, ó bi í léèrè ọ̀nà, obìnrin náà sì tẹ̀ lé e dé báńkì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó owó àjọ jáde fún un. Ìgbà tó délé ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. “Wọ́n jáàsì ẹ̀ ni,” là ń wí. Àwọn baba wa mọ irú rẹ̀ sí gbètugbètu: ẹni tó ní in pàṣẹ, ẹni tí a pàṣẹ fún kò lè kọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí oníṣègùn bá dárúkọ hypnosis fún ará àdúgbò wa, báàgì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì mú. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n nínú ìtọ́jú tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ọwọ́ ẹni tó dijú ni agbára wà, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn òyìnbó pàápàá ṣi èyí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Franz Mesmer, oníṣègùn kan ní Paris, sọ pé nǹkan kan tí ojú kò rí ló ń ti ara òun ṣàn sára aláìsàn. Lọ́dún 1784, ọba ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀, Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà sì wà nínú wọn. Wọ́n fi aṣọ di àwọn èèyàn lójú. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé agbára náà ti ń bọ̀, nígbà tẹ́nikẹ́ni ò ṣe ohunkóhun, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún láìsọ fún wọn, kò ṣe wọ́n bí ẹní fẹ́ ṣe. Láti 1841 ni James Braid, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ti wá rí i pé bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ohun kan ṣoṣo pẹ́ títí, tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbòmíràn, ara rẹ̀ á rọ̀, ọ̀rọ̀ á sì tètè wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ohun tí à ń pè ní hypnosis nìyẹn. Nígbà tó di 1959, Weitzenhoffer àti Hilgard ní Yunifásítì Stanford ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe ń wọ oníkálukú lára sí: àwọn díẹ̀ ń wọ̀ ọ́ jinlẹ̀, àwọn díẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ rárá, àárín ni ọ̀pọ̀ wa wà. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ń gbọ́ ohun tó ń lọ, ó sì lè lajú nígbà tó bá wù ú. Gbètugbètu tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni, gbètugbètu wo nìyẹn?

Ẹni tó mú un wá sórí ọ̀rọ̀ tiwa, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fojú kéré ara rẹ̀, ni John Hartland, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé Medical and Dental Hypnosis lọ́dún 1966. Kó tó kan àìsàn tó gbé èèyàn wá, yóò kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ gbé onítọ̀hún ró: pé ara rẹ̀ á máa le sí i, ìpayà rẹ̀ á máa dín kù, á sì lè máa dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà fi oríkì jí láàárọ̀ mọ irú iṣẹ́ tí èyí ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ibi tó ń lọ ni Hartland ń sọ fún aláìsàn, ibi tó ti wá ni oríkì ń sọ fún ọmọ. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ṣe ìtọ́jú yìí fún Yorùbá tí kò béèrè oríkì rẹ̀ ti fi irinṣẹ́ tó dára jù sílẹ̀ sílé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò mú un látinú fáìlì aláìsàn kankan, ṣùgbọ́n ẹ máa mọ̀ ọ́n. Yàrá kan ló ń gbé l'Oríle Agége. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ìdìpọ̀ nítòsí Òpópónà Ọba Akran ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kan. Wàhálà dé. Láràárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òru bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti ọ̀sán lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ dìde níwájú máníjà kó sọ bí ẹ̀rọ ṣe ṣe sí. Ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ. Ohun tó mọ̀ bí ẹní mowó á fò lọ. Ẹlòmíràn á bá a sọ ọ́, á sì gba ọpẹ́ rẹ̀.

Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kò ní ní kó dijú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á bi í bó ṣe ń sùn, bóyá oúnjẹ ń lọ, bóyá nǹkan tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn, bóyá ikú ń wù ú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn lè fara jọ ojora lásán, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, hypnosis kọ́ ló kàn án. Ìgbà náà ló máa wá béèrè ohun tó ń fẹ́ gan-an. Bó bá ní “Mo fẹ́ nígboyà,” ìyẹn ò tíì tó. Bó bá ní “Mo fẹ́ lè sọ fún máníjà pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ kejì ti fẹ́ já, kí n má sì wolẹ̀,” iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bá padà wá, á jókòó, á tẹjú mọ́ ìṣó kan lára ògiri. Á mí kanlẹ̀, á tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ohùn oníṣègùn á máa bá a lọ: àtẹ́lẹsẹ̀ ń rọ̀, orúnkún ń rọ̀, èjìká ń sọ̀ kalẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ró ní yàrá kejì, reluwé ń kọjá, ẹnìkan ń polówó búrẹ́dì. Ẹni tó bá ní àfi ibi tó pa rọ́rọ́, kò ní rí aláìsàn tọ́jú l'Agége. Ọ̀rọ̀ ló máa fi gba ariwo mọ́ra: “Ẹ ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa ró. Bó ṣe ń ró ni ara yín ń rọ̀ sí i.” Lẹ́yìn náà ló máa mú un dé inú ilé iṣẹ́: òórùn ọ̀rá gbígbóná, ariwo ẹ̀rọ, fáìlì lọ́wọ́ máníjà. Á sọ gbólóhùn rẹ̀ níbẹ̀, lọ́kàn. Kò ní dán nígbà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ á gbọ̀n, á tún un sọ. Oníṣègùn tó bá ní kó rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò bẹ̀rù ohunkóhun ń purọ́ fún un. Kí ẹ̀rù máa bà á, kó sì máa sọ̀rọ̀ lọ, ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lókè òkun fún iṣẹ́ yìí, àtẹ̀gùn ló máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, tí aláìsàn á nà gbalaja síbẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé ìyẹn fún ẹni tó dàgbà nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí àwọn èèyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ní béèrè pé àwọn yòókù dà. Ọ̀rọ̀ ohùn náà tún wà ńbẹ̀. Òyìnbó á jẹ́ kí ohùn òun máa lọ gbọọrọ bíi ti ẹni tó ń tòògbé. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, ọkọ́ á di ọkọ̀, aláìsàn á sì lajú láti béèrè ohun tí a wí. Ìdánudúró láàárín ọ̀rọ̀ àti àtúnwí ni ká gbára lé. Ọjọ́ orí ńkọ́? Saikọ́lọ́jíìsì ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ń tọ́jú bàbá tó ti wà nídìí ẹ̀rọ kí wọ́n tó bí i, báwo ló ṣe máa pàṣẹ fún un pé kó dijú? Milton Erickson, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, lókìkí nítorí pé kì í sábàá pàṣẹ; irú ọ̀rọ̀ tó ń lò ni: “Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ lè dijú, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lajú sílẹ̀, kò burú.” Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò nílò Erickson kó tó mọ ìyẹn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Lọ́dún 1995, saikọ́lọ́jíìsì Irving Kirsch àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 18 jọ, nínú èyí tí wọ́n ti fi hypnosis kún ìtọ́jú tó ń tún ìrònú àti ìṣe ẹni ṣe. Ẹni tó bọ́ sí àárín nínú àwọn tí wọ́n fi kún un fún sàn ju ó kéré tán 70 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú kan náà láìsí i. Ẹ kíyè sí i pé àfikún ni. Ọ̀dọ́bìnrin wa kò ní jókòó sílé kó máa gbọ́ ohùn orí fóònù nìkan. Lọ́jọ́ Ajé, á sọ gbólóhùn kan fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, á sọ ọ́ fún ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì. Bó bá yá, ó kan máníjà.

Ó ku ohun tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ gbọ́. Ta ló sọ fún ọ̀dọ́bìnrin wa pé kò tó nǹkan? Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló dá àgbègbè ilé iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, Agége sì di ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró níbẹ̀ lọ́dún 2008. Òun nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, kọ́ńtírátọ̀ ló gbà wọ́n. Ẹni tí wọ́n lè ní kó má wá mọ́ lọ́la, bó bá ń gbọ̀n níwájú máníjà, ṣé ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn?

Adrian Peace, tó wádìí ìgbé ayé àwọn òṣìṣẹ́ Agége tó sì tẹ ìwé Choice, Class and Conflict jáde lọ́dún 1979, ròyìn ìyanṣẹ́lódì tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971, lórí àfikún owó tí ìgbìmọ̀ àtúnyẹ̀wò owó iṣẹ́ tí Simeon Adébọ̀ darí dá lábàá. Àwọn oníṣòwò kéékèèké l'Agége wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́, torí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni owó tiwọn ti ń wá. Èèyàn tó mọ̀ pé àdúgbò wà lẹ́yìn òun kì í wolẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ náà dijú. Thomas Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, mọ èyí ní tirẹ̀: láti 1954, nílé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, ó sì pe àwọn adáhunṣe mọ́ra. Nítorí náà, bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan bá pè mí lọ́la pé kí n wá fi hypnosis pẹ̀tù sọ́kàn àwọn òṣìṣẹ́ òun kí wọ́n yé ráhùn, n kò ní lọ. Ìyẹn gan-an ni gbètugbètu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé pátákó ẹnu ọ̀nà lásán. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìhùwàsí wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, n'Ìkẹjà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tó ti wà láti 1907, kò jìnnà. Ẹ béèrè bóyá saikọ́lọ́jíìsì tàbí dókítà ni onítọ̀hún. Bó bá ṣèlérí pé òun máa wú ìrántí ìgbà èwe yín jáde kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ṣe yín báyìí, ẹ dìde. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè dá ìrántí sílẹ̀ níbi tí kò ti sí, ẹ ó sì fi í ba àárín ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n ìyá yín jẹ́. Ẹ lè mú ẹnìkan dání. Oníṣègùn tó bá kọ̀ ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Mo ti ń rí ọwọ́ tó nà sókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ màmá tó wọ aṣọ iṣẹ́ yẹn.