Ọ̀wọ̀ Yàtọ̀ sí Ìdákẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Aáwọ̀ Níbi Iṣẹ́

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru wá síbí tààrà. Ẹ kú iṣẹ́ o. A ó jèrè làálàá wa. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a sọ lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni: bí a ṣe lè yanjú aáwọ̀ níbi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, àti bí a ṣe lè sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́" láì ba iṣẹ́ ẹni jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ a máa pè é lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ pé ẹnì kan kò wá, kí ó jọ̀wọ́ máa bọ̀. Ó lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, ó lọ ní ìgbà kejì. Nígbà tó yá, òun nìkan ni wọ́n ń pè, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé kò ní kọ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ó fi pa á mọ́ra; ilé nìkan ni ó ti ń ráhùn. Ní ọjọ́ tí ó wá sọ̀rọ̀, ariwo ni ó pa, níwájú àwọn arúgbó àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ìkìlọ̀ ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ibi tí ó ti jàre ni ó ti wá jẹ̀bi.

Kí ló fà á? Ẹ̀kọ́ ilé wa ni, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Wọ́n kọ́ wa pé bí àgbà bá ń bá ni wí, ilẹ̀ ni à ń wò, a kì í sì í dá a lóhùn. Níbí, ẹni tí kò bá wo ọ̀gá lójú, wọ́n lè rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ti gbà. Bí ohùn wa bá sì lọ sókè díẹ̀, bí a ti máa ń sọ̀rọ̀ láàrin ara wa, wọ́n á ní ìjà ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ̀kọ́ ilé nù. Ohun tí à ń sọ ni pé ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìdákẹ́. Àwọn baba wa náà ló sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nítorí náà, kí a tètè máa sọ̀rọ̀ kí inú tó ru, kí ó sì jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe: "Ẹ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù yìí ní ọjọ́ ìsinmi mi. Mo lè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí ẹ bá tètè sọ fún mi. Mi ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ." Kò sí àrífín nínú èyí. Lẹ́yìn náà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn wa. Òfin àkókò iṣẹ́ ti ọdún 1998 sọ pé, bí a bá ṣírò ọ̀sẹ̀ 17 pọ̀, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ́sẹ̀ kan, àfi bí a bá fọwọ́ sí ìwé pé a gbà. Wọn kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 6 lọ lóòjọ́, ìsinmi ìṣẹ́jú 20 tọ́ sí i. Òfin ọdún 2010 sì ka ìwà ìrẹ́jẹ nítorí àwọ̀ tàbí ilẹ̀ ìbí léèwọ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé ẹ̀sùn, tí wọ́n sì pè yín sí ìpàdé lé e lórí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mú aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ dání. Àjọ Acas ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a má sì fi falẹ̀, nítorí àkókò tí òfin fún ni láti pẹjọ́ kò gùn. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ ilé iṣẹ́ kan, a mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí ó kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n àwọn òfin wọ̀nyí kan òun náà.

Ọ̀rọ̀ tún kan ẹ̀yin tí ẹ ti di ọ̀gá. Ẹ má ṣe sọ pé "ọmọ wa ni" kí ẹ fi gba ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá tó wà lábẹ́ yín. Ọmọ wa ni lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a dá a sí.

Arábìnrin wa yẹn, aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá a jókòó, ó kọ lẹ́tà. Ó tọrọ àforíjì nítorí ariwo tí ó pa, kò tọrọ àforíjì nítorí ohun tí ó sọ. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó máa ń wà.