Ẹ Má Jẹ́ Kí Igbe Òṣìṣẹ́ Yín Dé Etí Ọlọ́run

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 12. Ọ̀rọ̀ òní le díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi. Èmi gan-an ló kọ́kọ́ bá wí.

Kí a tó kà á, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà ní ìlú Anaheim, ní ìpínlẹ̀ California. Disneyland ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i. Wọn kì í pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní òṣìṣẹ́. Òṣèré ni wọ́n ń pè wọ́n, títí dé ẹni tó ń gbálẹ̀. Kí nìdí? Nítorí pé ẹ̀rín wà lára iṣẹ́ náà. Bí orí bá ń fọ́ ẹ, rẹ́rìn-ín. Bí onílé bá ti lé ẹ jáde, rẹ́rìn-ín. Oníbàárà ò gbọdọ̀ mọ̀.

Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn? Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí bi nǹkan bí 5,000 òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Nínú ẹni mẹ́rin, bí mẹ́ta ló sọ pé owó tí àwọn ń gbà kò ká ìnáwó tó pọn dandan lóṣù. Ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́wàá tó sọ pé láàárín ọdún méjì, ìgbà kan wà tí òun ò nílé lórí. Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ní kí wọ́n ṣe ìwádìí náà, ilé-iṣẹ́ náà sì takò ó. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018 yẹn kan náà, ohun tí ọ̀gá àgbà pátápátá gbà lé ní mílíọ̀nù 65 dọ́là. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòji.

Lọ́dún yẹn náà, àwọn ará Anaheim dìbò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbafẹ́ àti òtẹ́ẹ̀lì tó bá ń jẹ àǹfààní owó ìlú gbọ́dọ̀ san dọ́là 15, ó kéré tán, fún wákàtí kan, kó sì máa gòkè lọ́dọọdún. Disney ní kò kan àwọn. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ó kàn wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 233 dọ́là fún àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 50,000. Owó tí wọn ì bá ti máa san díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ẹjọ́ ló wá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ó yá, ẹ wo Bíbélì yín. Rèhóbóámù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jọba ni. Àwọn èèyàn wá bá a ní Ṣékémù, wọ́n ní, "Kábíyèsí, iṣẹ́ tí baba yín gbé kà wá lórí ti pọ̀ jù. Ẹ bá wa dín in kù, a ó sì sìn yín." Ṣé wọ́n bú u? Wọn ò bú u. Ṣé wọ́n kọ̀ ọ́? Wọn ò kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ kẹta. Àwọn àgbà gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ̀rọ̀ rere fún wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fi agbára hàn wọ́n. Ti àwọn ọ̀rẹ́ ló gbọ́. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀yà mẹ́wàá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́!

Ṣùgbọ́n ẹ dúró, ẹsẹ 18 ni mo ń lọ. Ọba rán Àdórámù sí wọn, ẹni tó jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ tipátipá. Máníjà ni! Wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa. Ọba gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó sá lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé: ọba sá, máníjà kú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o. Mo bá obìnrin kan wí níbí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó ń pẹ́ dé. Mo gbóná mọ́ ọn níwájú àwọn èèyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Daddy," ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ló wá sọ fún mi lálẹ́ pé ẹsẹ̀ ni obìnrin náà fi ń rìn wá, nítorí pé owó oṣù méjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Lọ́wọ́ wa! Èmi tí mò ń wàásù ìbùkún lórí tẹlifíṣọ̀n! Mi ò lè sùn. A san owó náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tí mo ti bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lójú mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé, ọmọ ọ̀dọ̀: ìwé Diutarónómì orí 24 ní kí oòrùn má wọ̀ bá owó alágbàṣe lọ́wọ́ yín. Ẹ má máa gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún kí owó oṣù ẹlòmíràn máa sùn nínú báńkì yín. Ẹ ka Àìsáyà orí 58, ẹ ó rí ohun tí Ọlọ́run sọ nípa irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin máníjà àti súpáfáísọ̀, ẹ má ṣe bí Àdórámù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ìsàlẹ̀ wá, ẹ gbé e dé òkè bó ṣe wà gan-an. Ẹ má fi kún pàṣán tí ọ̀gá fi rán yín. Lọ́jọ́ tí òkúta bá dé, ẹ̀yin lẹ wà nítòsí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni Lábánì yí owó iṣẹ́ Jákọ́bù padà. Síbẹ̀, èyí tí ẹranko bá pa nínú agbo, Jákọ́bù ló ń san án. Nígbà tí àkókò tó, ó dúró níwájú Lábánì, ó ka gbogbo rẹ̀ sí i létí láìbẹ̀rù. Ẹ má jalè kí ẹ wá ní owó yín lẹ ń gbà. Ẹ má fi ìwà burúkú ba ẹ̀tọ́ yín jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ sọ ohun tó ń dùn yín. Àwọn tó wá bá Rèhóbóámù ò ṣẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹni tó bá jẹ òṣìṣẹ́ kan lówó, kó lọ san án. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, bí igbe ẹnikẹ́ni bá wà níwájú Rẹ nítorí mi, ṣàánú mi, kí O sì fún mi lágbára láti tún un ṣe. Má jẹ́ kí n jẹ òógùn ẹlòmíràn. Lórúkọ Jésù. Àmín!