Bí Niger ṣe pegedé lọ́jọ́ tí wọ́n nà án ní 3-0: Kí ni òfin bọ́ọ̀lù sọ bí póìntì bá dọ́gba?

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí ná.

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2011, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Niger fìdí rẹmi ní Íjíbítì. Góòlù mẹ́ta sí òdo ni wọ́n fi nà wọ́n. Lọ́jọ́ kan náà, ní ìlú Nelspruit ní Gúúsù Áfíríkà, ikọ̀ Bafana Bafana gbá ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Sierra Leone. Bí rẹfirí ṣe fun fèrè ìparí ni ijó bẹ̀rẹ̀ ní Nelspruit. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yí pápá ká, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn olólùfẹ́ wọn. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé àwọn ti wọ ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2012.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Àwọn tí wọ́n nà ní 3-0 ló ń lọ síbi ìdíje. Àwọn tó ń jó ni yóò jókòó sílé. Niamey, ìlú tó wà létí Odò Ọya, ni ayọ̀ wọlé sí, torí Niger kò dé ìdíje náà rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Mẹ́ta ló dọ́gba, kì í ṣe méjì

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló wà ní ìsọ̀rí G: Niger, Gúúsù Áfíríkà, Sierra Leone àti Íjíbítì. Íjíbítì yìí ló gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ní 2006, 2008 àti 2010. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà parí, póìntì márùn-ún péré ló wà lọ́wọ́ Íjíbítì. Àwọn mẹ́ta yòókù ní póìntì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù láti ya àwọn tó dọ́gba sọ́tọ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ka gbogbo góòlù tí ikọ̀ kan gbá wọlé, kí wọ́n sì yọ iye tí wọ́n gbá wọ àwọ̀n tirẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí ni wọ́n lò, Gúúsù Áfíríkà ló lé téńté. Góòlù mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé, méjì ni wọ́n gbá wọ àwọ̀n wọn, èrè góòlù méjì ló kù. Sierra Leone gbá márùn-ún wọlé, wọ́n sì gbá márùn-ún wọ àwọ̀n tirẹ̀, kò jèrè, kò jẹ gbèsè. Niger gbá mẹ́fà wọlé, wọ́n gbá mẹ́jọ wọ àwọ̀n tirẹ̀, gbèsè góòlù méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ìṣirò yìí ló wà lọ́kàn àwọn tó ń jó ní Nelspruit.

Ọ̀nà kejì ni ti ojúkojú, òun sì ni àjọ CAF kọ sínú òfin ìdíje náà. Wọ́n á kó àwọn tó dọ́gba sọ́tọ̀, wọ́n á gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n á wá ka póìntì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Bí wọ́n ṣe yọ Íjíbítì kúrò, góòlù mẹ́ta tí Niger fi ṣubú lọ́jọ́ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù rèé. Niger na Sierra Leone ní 3-1 ní Niamey, wọ́n sì nà án padà ní 1-0 ní Freetown. Gúúsù Áfíríkà na Niger ní 2-0, Niger gbẹ̀san ní 2-1 ní Niamey. Òdo sí òdo ni Gúúsù Áfíríkà àti Sierra Leone gbá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ kà á: Niger ní póìntì mẹ́fà, àwọn méjì yòókù ní márùn-ún márùn-ún.

Póìntì kan ṣoṣo ló ya ẹ̀rín sọ́tọ̀ kúrò lára ẹkún.

Ibi tí àdììtú náà wà

Ìjàkadì ìbílẹ̀ ni eré tí àwọn ará Niger fẹ́ràn jù, idà sì ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá borí nínú ìdíje rẹ̀ lọ́dọọdún. Níbi ìjàkadì, kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ léèrè bí o ṣe gbé àwọn mìíràn ṣubú tó. Ta ló gbé ta lulẹ̀? Ìbéèrè náà nìyẹn. Òfin ojúkojú jọ ọ́ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ká ní Niger àti Gúúsù Áfíríkà nìkan ló dọ́gba ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti na ara wọn, Gúúsù Áfíríkà ì bá sì borí pẹ̀lú góòlù 3-2. Sierra Leone tó wà láàárín wọn ló yí òṣùwọ̀n padà. Póìntì mẹ́ta ni Niger rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, méjì péré ni Gúúsù Áfíríkà rí gbà. Ẹni tí kò lọ síbì kankan ló gbé ẹlòmíràn débi tó ń lọ.

Ojú Nàìjíríà náà ti rí i

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, ọdún mẹ́fà géérégé ṣáájú ti Niger, Super Eagles na Zimbabwe ní 5-1 ní Abuja. Ángólà na Rwanda ní 1-0 ní Kigali. Póìntì 21 ni Nàìjíríà àti Ángólà ní. Èrè góòlù Nàìjíríà jẹ́ 14, ti Ángólà jẹ́ mẹ́fà. Síbẹ̀, Ángólà ti na Nàìjíríà ní 1-0 ní Luanda, wọ́n sì ti gbá ọ̀mì 1-1 ní Kano. Ojúkojú ni òfin sọ. Ángólà ló lọ sí Ife Àgbáyé ní Jámánì lọ́dún 2006.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní England, èrè góòlù ni Manchester City fi gba ife líìgì lọ́wọ́ Manchester United lọ́dún 2012, nígbà tí àwọn méjèèjì ní póìntì 89. Ní Sípéènì, Real Madrid àti Barcelona ní póìntì 76 lọ́dún 2007. Èrè góòlù Barcelona ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Madrid ló borí ní ojúkojú, òun ló sì gba ife. Nígbà mìíràn, gbogbo òṣùwọ̀n á tán. Ní AFCON ọdún 2015, ohun gbogbo dọ́gba láàárín Guinea àti Mali, ìbò ni wọ́n ṣẹ́. Guinea ló bọ́ sí.

Èwo ló tọ̀nà jù?

Ìyẹn tó ń ka góòlù ń wo iṣẹ́ gbogbo sáà, ṣùgbọ́n ikọ̀ kan lè na ẹni tó ti rẹ̀ ní góòlù méje kó sì fi gorí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn tó ń wo ojúkojú ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá na alátakò rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó lè pa iṣẹ́ àṣekára mìíràn rẹ́. Kò sí èyí tí kò ní àléébù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí òfin ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì kà á.

Gúúsù Áfíríkà fi ẹ̀hónú hàn sí CAF, wọ́n sì fà á sẹ́yìn nígbẹ̀yìn. Òfin ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó dunni jù ni pé góòlù kan péré ní Nelspruit ì bá sọ póìntì mẹ́sàn-án di mọ́kànlá, ìṣirò kankan kì bá sì wáyé. Àmọ́ ẹni tó gbà pé ọ̀mì ti tó òun kò ní sáré wá góòlù.

Ní ti Niger, gbogbo póìntì mẹ́sàn-án náà àti góòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n rí ní pápá ìṣeré Seyni Kountché ní Niamey. Wọn kò rí ọ̀kan he lóde. Nígbà tí wọ́n dé Gabon lọ́dún 2012, wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pegedé, wọ́n sì gba póìntì wọn àkọ́kọ́ ní AFCON nínú ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú DR Congo.

Orílẹ̀-èdè wo ló gbàlejò ìdíje ọdún náà? Gúúsù Áfíríkà ni.