Olùkọ́ Tí Ó Kọ́ Àwọn Obìnrin Láti Béèrè Ìṣirò Owó

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Raji Rasaki Estate, Àmúwo-Ọ̀dọ́fin, Èkó

 

Orúkọ gómìnà ológun tí ó ṣe àkóso Èkó láti 1988 sí 1991 ni àdúgbò tí a pé jọ sí yìí ń jẹ́. Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò jẹ gómìnà rí, kò sì wọlé ìdìbò sí ilé aṣòfin rí. Olùkọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Abẹ́òkúta Grammar School. Ó lọ sí Ìlú Ọba ní 1919, ó padà dé ní 1922, ó sì di olùkọ́. Ní 1925 ni ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun, olùkọ́ bí tirẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà.

Àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ kó jọ sí ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1944, obìnrin ọlọ́jà kan sọ pé òun náà fẹ́ mọ̀wé kà. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn. Àwọn ọlọ́jà wọlé wá kọ́ ìwé, ẹjọ́ wọn sì bá wọn wọlé: a ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn nígbà ogun, ọmọbìnrin ọdún 15 ń san owó orí nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16. Olùkọ́ yìí bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dà bí àlejò láàrin wọn. Ní 1946 wọ́n di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ariwo nìkan ni wọ́n fi borí. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba aṣírò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tó lọ jókòó ti ààfin Aké ní 1947. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, kò sì padà títí di òpin 1950. Owó orí àwọn obìnrin dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò mọ iye tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi jà?

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ní 1947, òun nìkan ni obìnrin láàrin àwọn tí ẹgbẹ́ NCNC rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1959, ẹgbẹ́ kan náà kọ̀ láti fà á kalẹ̀ fún ìdìbò. Àwa ti òde òní ńkọ́? Àwọn ìyá ni ó ń kún pápá ìpàdé wa. Ní ọjọ́ tí a bá ń yan olùdíje, èwo nínú wọn ni a ń rántí?

Ní oṣù kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá náà láti ojú fèrèsé. Ọgbẹ́ ọjọ́ náà ni ó sìn ín lọ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, 1978.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dá kíláàsì alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Kí ẹni tí ó bá san owó ọjà, owó àdúgbò tàbí owó ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gba rìsíìtì, kí ó sì béèrè ohun tí a fi owó náà ṣe. Kí ẹgbẹ́ wa fa obìnrin kalẹ̀ níbi tí a ti lè wọlé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn níbẹ̀.