Ta Ni Yóò Sun Ìrèmọ̀jé fún Nọ́ọ̀sì? Lítíréṣọ̀ àti Iṣẹ́ Ọnà Gẹ́gẹ́ Bí Àtìlẹ́yìn fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera

 

1. Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìlera. Wọn lè bi ara wọn léèrè pé kí ni ewì fẹ́ ṣe ní wọ́ọ̀dù, níbi tí omi, iná mànàmáná àti oògùn gan-an ti máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà mìíràn. Ìbéèrè náà tọ̀nà, a ó sì padà sí i kí a tó parí ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí a fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé iṣẹ́ tí ń mú ènìyàn súnmọ́ ikú ní ẹrù tirẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹrù náà. Ilé ìwòsàn òde òní ń mú kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa rí ikú lemọ́lemọ́. Ọ̀rọ̀ wo ni ó fún wọn láti fi dárò?

2. Ọdẹ àti babaláwo

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ. Iṣẹ́ inú ewu ni iṣẹ́ ọdẹ. Ẹni tí ó jáde lálẹ́ lè má padà wálé. Ìjálá ni wọ́n fi ń ṣeré, òun ni wọ́n fi ń ki Ògún, ẹranko àti ìdílé, gẹ́gẹ́ bí Adébóyè Babalọlá ti ṣe àlàyé kíkún nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdẹ bá kú, ìrèmọ̀jé ni ó kàn. Bádé Àjùwọ̀n ti kọ̀wé lé e lórí, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1982. Níbi ìṣípà ọdẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ olóògbé a pé jọ, wọn a sun ìrèmọ̀jé, wọn a sì kó àwọn ohun èlò ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó. Wọn a kì í, wọn a ròyìn akin rẹ̀, wọn a dárò rẹ̀. Wọn a tilẹ̀ máa fi í dá àpárá.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí nípa ìrèmọ̀jé. Èkíní, ẹlẹgbẹ́ ni ó ń sun ún fún ẹlẹgbẹ́. Ẹni tí ó mọ bí igbó ti rí ni ó ń sọ̀rọ̀. Èkejì, ó ní àkókò àti ààyè tirẹ̀. A kò fi ìbànújẹ́ sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti máa dá gbé kiri. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn alààyè ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Arò fún òkú ni ìrèmọ̀jé, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìtọ́jú fún àwọn tí ó kù.

Bákan náà ni ti àwọn babaláwo, tí wọ́n jẹ́ oníwòsàn láwùjọ wa. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàrin awo, àwọn yòókù a máa gbè é. Bí ó bá ṣe é re, wọn a fi ohùn jẹ́rìí sí i. Bí ó bá ṣìnà, wọn a dá a dúró, wọn a sì tọ́ ọ sọ́nà. Oníwòsàn bẹ́ẹ̀ kò dá wà pẹ̀lú ìmọ̀ rẹ̀. Etí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ nítòsí.

3. Ohun tí ilé ìwòsàn ń kọ sílẹ̀, àti èyí tí kì í kọ

Ìwé kíkọ pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń kọ bí ara aláìsàn ti gbóná tó, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru sí, oògùn tí a fún un àti wákàtí tí a fún un. Ìwé yìí wúlò gidigidi, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni ó gbára lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Bí agbẹ̀bí kan bá fi gbogbo òru bá ẹ̀jẹ̀ tí ń ya lára ìyá ọmọ jìjàkadì, tí ìyá náà sì kú ní ìdájí, ohun tí ìwé yóò gbà ni wákàtí, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí ó fa ikú. Kò sí ààyè nínú ìwé náà láti kọ ọ́ pé agbẹ̀bí yìí ni ó jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ níta, pé kò mọ gbólóhùn tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu òun jáde, àti pé ó tún ní láti padà wọlé lọ gbẹ̀bí ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń sọ tẹnu wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Aláìsàn a ní nǹkan ń rìn òun nínú orí, a ní àyà òun ń já, a ní ọkàn òun kò sí nílé. Dókítà a sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tàbí méjì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tí òṣìṣẹ́ náà kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Èyí tí ó gbọ́ ní èdè abínibí rẹ̀ ni ó ń gbé lọ sílé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwòsàn wa. Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aboyún ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú yóò ti gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ti ń lé orin, tí àwọn ìyá ń gbè é, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n sì ń jó: orin nípa fífún ọmọ lọ́mú, nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, nípa ìmọ́tótó àti ìfètòsọ́mọbíbí. Àwọn nọ́ọ̀sì wa mọ orin lò. Ṣùgbọ́n aláìsàn àti ìyá ọmọ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ní tiwa, a kò tí ì gbọ́ èyí tí nọ́ọ̀sì kọ fún nọ́ọ̀sì.

4. Àwọn tí ó ti gbìyànjú rẹ̀

Dókítà tí ń kọ̀wé kì í ṣe ohun tuntun. Anton Chekhov, ará Rọ́ṣíà, parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ọdún 1884, ó sì ń tọ́jú aláìsàn bí ó ti ń kọ ìtàn. Lọ́dọ̀ tiwa, Wálé Òkédìran jẹ́ dókítà àti òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Ó sì dá ibùgbé kan sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ní ọdún 2010, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ti lè fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa lónìí kàn jù lọ ni àwọn tí kò lérò láti di òǹkọ̀wé láyé wọn.

Ní ọdún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lójúmọ́ fún ọjọ́ 4. Àwọn kan kọ nípa ohun tí kò ṣe pàtàkì. Àwọn mìíràn kọ nípa ohun tí ó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù lọ. Ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n kọ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti bí ó ti rí lára wọn kò lọ sí ilé ìtọ́jú tó bí àwọn yòókù ti lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó ti tún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe láti ìgbà náà. Èrè tí wọ́n rí kò pọ̀ lápapọ̀, àwọn kan kò sì rí èrè kankan. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa polówó ìwé kíkọ bí ẹni ń polówó àgbo gbogboǹṣe.

Èyí tí ó súnmọ́ ìrèmọ̀jé jù ni iṣẹ́ Rita Charon, dókítà tí ó tún gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì dá ètò ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lórí ìtàn àti ìṣègùn ní Yunifásítì Columbia ní ọdún 2000. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìwé kejì, yàtọ̀ sí ìwé ilé ìwòsàn. Nínú ìwé kejì yìí ni wọn yóò ti kọ ohun tí ìwé ilé ìwòsàn kò gbà: pé baba arúgbó tí àwọn ń tọ́jú rán àwọn létí baba ńlá àwọn tí irú àrùn kan náà pa. Lẹ́yìn náà, wọn a pé jọ, wọn a sì ka ohun tí wọ́n kọ sétí ara wọn. Ìwé kíkọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ yìí. Kíkà á sétígbọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ ni ó sọ ọ́ di odidi. Àwọn ọdẹ wa ti mọ èyí tipẹ́.

5. Ohun tí ọdún 2014 kọ́ wa

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ní àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ wọn. Dókítà náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, òṣìṣẹ́ ìlera sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Iṣẹ́ ọnà méjì tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Dókítà Ada Igonoh, tí àrùn náà mú tí ó sì yè, kọ ìtàn ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014 náà. Ní ọdún 2016, fíìmù tí a ń pè ní 93 Days jáde. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń bẹ nínú ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ìlera nígbà tí òun náà di aláìsàn, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni a ó lọ. Ìwé ìṣirò ìjọba kò lè sọ ọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ará ìlú a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú àwọn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Àtẹ́wọ́ kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ kò lè gbọ́ ohun tí ẹni tí ó ń yìn ń sọ.

6. Ohun tí a lè ṣe nílé

Àbá wa kò nílò owó púpọ̀. Kí òṣìṣẹ́ bí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá máa pàdé fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí wákàtí náà sì wà nínú àkókò iṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ewì kúkúrú kan, tàbí abala kan nínú ìtàn àròsọ tàbí eré onítàn. Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ̀wé, ní èdè tí ó bá wù wọ́n. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ka tirẹ̀ jáde, kí ẹni tí kò fẹ́ sì dákẹ́. Kí àwọn olùgbọ́ má ṣe dájọ́, kí wọ́n má sì gbani nímọ̀ràn. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nìkan. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè fi ohùn sọ tirẹ̀, ó lè kọrin, ó lè fi eré ṣe é. Ẹ má sì yọ agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù àti ẹni tí ń gbé òkú sílẹ̀, nítorí ojú wọn náà ń rí nǹkan.

7. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni a ní. Àkọ́kọ́, àṣírí aláìsàn kì í ṣe ti òǹkọ̀wé. A kò gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ tàbí àmì tí a fi lè dá a mọ̀. Èkejì, a kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹnikẹ́ni kọ̀wé. Ọgbẹ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣí i láìtọ́jọ́, ṣe ni yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ nílò dókítà ọpọlọ, kì í ṣe olùkọ́ ewì.

Ẹ̀kẹta ni ó mú wa padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ti kọjá sí òkè òkun, iṣẹ́ ẹni tí ó lọ sì di ti ẹni tí ó kù. Bí aláṣẹ kan bá rò pé òun lè fi ewì dípò owó oṣù tí òun kò san, tàbí dípò àwọn òṣìṣẹ́ tí òun kò gbà, irọ́ ni ó ń pa fún ara rẹ̀, ẹ̀tàn sì ni ó ń fi iṣẹ́ wa ṣe. Ọdẹ tí ó ń sun ìrèmọ̀jé kò tìtorí rẹ̀ ju ìbọn nù. Kí a fún òṣìṣẹ́ ní ohun èlò rẹ̀, kí a sì tún fún un ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tí ó ti kọ ohun tí ó rí lóru sílẹ̀ yóò tún lè sọ ọ́ lójú ọ̀sán fún àwọn tí ó ni àṣẹ, pé ẹ̀jẹ̀ kò sí nílé ni ìyá ọmọ yẹn fi kú. Ìwé tí a kọ láti fi dárò lè di ẹ̀rí.

8. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí a ń dá lábàá kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ó wà nínú igbó pẹ̀lú ọdẹ, ó wà láàrin awo, ó sì wà lẹ́nu nọ́ọ̀sì tí ń lé orin fún àwọn aboyún. Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bíi tiwa ni láti kọjá sí ilé ìwòsàn, kí a jókòó, kí a sì fetí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni yóò sun ìrèmọ̀jé nọ́ọ̀sì. Ti àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni láti rí i pé àyè wà fún un, àti pé ẹni tí yóò gbè é wà nítòsí.