Bíbo Àṣírí Láìkọ́ Èdè Tuntun
Lórí blockchain Ethereum, ẹnikẹ́ni ló lè rí iye owó tó wà nínú àdírẹ́sì kan àti ibi tó ń lọ. Àwọn blockchain kan fẹ́ bo àṣírí yìí, àmọ́ wọ́n ní kí àwọn tó ń kọ kóòdù kọ́ èdè mìíràn: Leo fún Aleo, Noir fún Aztec. Iṣẹ́ ńlá ni!

Blockchain Oasis Sapphire, tó ń bo àṣírí bákan náà, gba ọ̀nà tó wù mí jù. Solidity, èdè tí àwọn tó ń kọ kóòdù fún Ethereum ti mọ̀, náà ni wọ́n ń kọ, àpò owó orí ẹ̀rọ MetaMask sì ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń yẹ kóòdù wò fún àléébù kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má kàn gbé kóòdù àtijọ́ síbẹ̀ o: ohun tí kóòdù bá kéde (event) ṣì hàn sí gbogbo ayé, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tì í.