Omíyalé àti Ìwé Adójútòfò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òrùlé lórí. Ọ̀rọ̀ omíyalé ni, àti ọ̀nà tí onílé lè gbà kí omi má baà kó iṣẹ́ ogún ọdún lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí a bá ti dárúkọ omíyalé, Ìbàdàn ni ọkàn wa máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀. Ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú náà, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 100. Ẹ kíyè sí i pé ìparí oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ méjèèjì bọ́ sí, nígbà tí púpọ̀ nínú wa ṣì rò pé òjò wà lẹ́nu ìsinmi rẹ̀.

Ará Gbọ̀ngán, ará Ìkirè àti ará Àpòmù a máa gbọ́ irú ìròyìn yìí, wọn a kẹ́dùn, wọn a sì wí pé ọ̀ràn ará ìlú ńlá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Omi kì í béèrè bí ìlú ṣe tóbi tó kí ó tó wọlé. Ibi tó rẹlẹ̀ ló ń wá. Nígbà àwọn bàbá wa, ẹ̀fọ́ àti ìrèké ni wọ́n ń gbìn sí àkùrọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn kì í kọ́lé sí i. Lónìí, ilẹ̀ orí òkè ti wọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a, a ra àkùrọ̀, a fi yẹ̀pẹ̀ dí i, a sì gbé ìpìlẹ̀ lé e lórí. Páànù orí ilé, kọnkéré inú àgbàlá àti ọ̀dà ojú títì kò jẹ́ kí ilẹ̀ mu òjò bí ó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀. Bí a bá wá da ìdọ̀tí sínú gọ́tà títí tí ojú afárá kékeré fi dí, ibo ni a fẹ́ kí omi gbà?

Láti ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀kún omi jáde lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ewu wà fún. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kò lè sọ fún ọ bóyá ilé tìrẹ ni omi yóò wọ̀ tàbí ti aládùúgbò rẹ tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Èyíinì, àwọn àgbà àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tó sanwó fún ọmọ onílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ìyá arúgbó tó ti gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún, kí ó sì bi í pé, “Ìyá, níbo ni omi dé nígbà tó kún jù lọ?” Ìdáhùn ìyá náà wúlò ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ.

Wàyí o, kí ni adójútòfò? Àwọn kan rò pé bí èsúsú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, àṣìṣe yìí ló sì máa ń bí ìjà. Nínú èsúsú, owó rẹ ni yóò padà sí ọwọ́ rẹ. Ọ̀wẹ̀ ni adójútòfò jọ jù. O ń lọ sí ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́dọọdún; ó ṣeé ṣe kí ìwọ má bẹ ẹnikẹ́ni ní ọ̀wẹ̀ títí ayé rẹ, o kò sì ní torí ìyẹn sọ pé wọ́n jẹ ọ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ilé rẹ bá wó, gbogbo wọn ni yóò dìde. Owó tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn dá jọ ni a fi ń tún ilé ẹni mẹ́wàá kọ́.

Ìṣòro omi ni pé kì í ṣe bí iná. Iná lè jó ilé kan kó sì dá èkejì sí. Omi a máa kó gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé kìkì àwọn tó ń gbé etí odò ló wá san owó adójútòfò, kò sí ẹni tí yóò ran wọn lọ́wọ́ nínú ọ̀wẹ̀ náà. Nítorí ìdí yìí ni àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà fi ń sá fún omíyalé, tí ìjọba ibẹ̀ fi dá ètò adójútòfò omíyalé tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1968. Nínú ètò náà, ó sábà máa ń gba 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá sanwó kí ààbò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré wá nígbà tí òjò ti ṣú.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ohun tí mo fẹ́ kí onílé mọ̀ dájú ni pé ìwé adójútòfò iná lásán kò kan omi. A ní láti béèrè kí wọ́n kọ omíyalé mọ́ ọn, kí a sì san owó rẹ̀. Ẹ ka ìwé yín. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ gbé e fún ọmọ yín tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òfin ọdún 2003 sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní ààbò kankan. Òfin kan náà pàṣẹ pé ilé tí àwọn ará ìlú ń wọ̀, títí kan ilé tí a fi háyà fún ayálégbé, gbọ́dọ̀ ní adójútòfò fún ìwólulẹ̀, iná, ìjì àti omíyalé. Òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025, kò sì yọ dandan náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣì í lóye: òfò tó bá bá ayálégbé tàbí àlejò nínú ilé náà ni òfin ọdún 2003 ní kí ìwé yẹn dáhùn fún. Ògiri onílé fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibòmíràn tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni iye tí a pe ilé. Ká ní ₦20,000,000 ni yóò ná ọ láti tún ilé rẹ kọ́, ṣùgbọ́n o pè é ní ₦10,000,000 kí owó ọdọọdún lè dín. Bí omi bá ba ohun tó tó ₦4,000,000 jẹ́, ₦2,000,000 ni iléeṣẹ́ lè san, nítorí pé ìdajì ilé ni o gbé lé wọn lọ́wọ́. Onílé a figbe ta pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú àdéhùn ni wọ́n ṣe. Bí omi bá sì ti lọ, ẹ má ṣe tètè kó àwọn ohun tó bàjẹ́ dànù. Ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí iléeṣẹ́ bá rán wá fi ojú ara rẹ̀ rí wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé àgbẹ̀ kòkó ni òun, ilé amọ̀ ni òun ń gbé, ta ni yóò ta adójútòfò fún òun? Òtítọ́ ni pé ilé amọ̀ máa ń ba àwọn iléeṣẹ́ lẹ́rù, nítorí pé bí omi bá ti rin ìdí ògiri rẹ̀, ó di wíwó. Fún oko, ìjọba àpapọ̀ dá ètò adójútòfò àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1987, a sì ṣètò kí ìjọba máa bá àgbẹ̀ san ìdajì owó lórí àwọn irè oko kan. N kò rí ìdí tí a kò fi lè ṣe irú rẹ̀ fún òrùlé àgbẹ̀ náà.

Èyí tó kù tó sì le jù ni ilé ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ fi hàn pé bí ilé náà bá wó, òun ni òfò bá. Ta ni òfò ilé ẹbí bá? Bí àbúrò tó wà ní Èkó bá ń san owó náà ní orúkọ ara rẹ̀ nìkan, tí omi wá wó ilé, ta ni yóò gba owó? Lójú tèmi, orúkọ olórí ẹbí àti ti àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó wà nínú ìwé náà, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó wà láàrin wa níhìn-ín kò gbà pẹ̀lú mi nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ náà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. N ó fẹ́ kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín.